Wọn Ò Pe Orúkọ Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan: Bí A Ṣe Ń Wo Ọ̀gbẹ̀rì Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Lójú ewé yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí eré kan tí àwọn bàbá wa kan ṣì ń pè ní "bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́", tí àwọn ọmọ wa ń pè ní American football. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó fẹ́ràn eré, ó sì kan ẹni tí kò bìkítà, bó bá ṣáà ti ní ọmọ nílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ti ga débi pé ó ní láti tẹrí kó tó wọ yàrá ìdáná wọn ní Becontree. Láti kékeré ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Parsloes Park, àmọ́ ara rẹ̀ ti ju ti agbábọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé-ìwé mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n ní defensive end ni kó máa ṣe. Bàbá rẹ̀ gbà. Ìyá rẹ̀ kò gbà. Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé kó lo sáà kan ná, bí kò bá yọrí, kó lọ jókòó ti ìwé A-level rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá wọn ṣe eré ìdánwò pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, àwa mẹ́rin tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ. A gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dání, a gbé agbòjò dání, a sì gbé ariwo dání pẹ̀lú. Eré bẹ̀rẹ̀, eré parí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn kò pe orúkọ ọmọ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, bàbá ní, "Èmi rò pé èmi ni mo wá wòran, àṣé ìwọ náà wòran ni o wá." A bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí fèrèsé títí a fi sọ̀kalẹ̀ ní Heathway. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní lọ mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kóòṣì tẹ bàbá náà láago. Kí ló dé tí ọmọ yín kò wá? Ó wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ sí! Bàbá rò pé ó ṣi nọ́ńbà pè ni. Àwa náà, nígbà tí a gbọ́, a wo ara wa lójú. Ojú wa la fi wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a kò sì rí nǹkan kan. Ìyẹn ni pé a kò mọ ohun tí à ń wò. Nítorí náà la ṣe lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí a sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn òbí mìíràn má baà ṣe irú àṣìṣe wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kejì á máa dí wọn lọ́nà. Àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù ní àǹfààní mẹ́rin láti rìn yáàdì mẹ́wàá. Yáàdì tí àwọn ìyá aláṣọ wa fi ń wọn léèsì náà ni, kò yàtọ̀. Bí wọ́n bá rìn ín pé, wọ́n á tún fún wọn ní mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá rìn ín pé, bọ́ọ̀lù di ti ẹnìkejì. Ọ̀gá àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù sókè, tàbí kó fi lé ẹni tó máa sáré lọ́wọ́. Géńdé márùn-ún ló dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri, iṣẹ́ wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Defensive end wà ní ẹgbẹ́ kejì. Ìpẹ̀kun ìlà ló máa ń dúró sí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó kàn án títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, kó yí ògiri yẹn ká, kó lọ ká quarterback mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sáré, kó dúró gbọn-in sí etí, kí ẹni tó ń sáré má lè yí òun ká bọ́ síta gbangba, kó dá a padà sí àárín níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é. Bó bá gbé quarterback ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, sack nìyẹn. Sack ló ń mú kí gbogbo èèyàn dìde, òun ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Láti ọdún 1982 ni NFL, àjọ tó ni ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà, ti ń kà á sílẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Sack náà la lọ dúró dè lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bí ẹni tó lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ torí àsè nìkan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ọmọkùnrin kan fún ẹ̀yin ọmọ wa. Efe Obada ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n bí i ní Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Netherlands, nígbà tó sì di ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n mú òun àti arábìnrin rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín. Ẹni tó yẹ kó tọ́jú wọn fi wọ́n sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé àwọn sun ìta, kí ìjọba tó gba àwọn sọ́dọ̀, tí wọ́n sì ń gbé àwọn láti ilé alágbàtọ́ kan sí òmíràn. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ránṣẹ́ sókè òkun lọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ ká gbé omijé mì ká máa bá ìtàn lọ.

Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ. Ọdún 2014 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ẹgbẹ́ London Warriors. Kò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí láyé rẹ̀. Eré márùn-ún péré ló ṣe pẹ̀lú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Dallas Cowboys wá ṣeré ní Wembley, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó sì di 2015, wọ́n gbà á. Kò lọ sí yunifásítì kankan ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń gbà wọlé.

Bí a bá dá ìtàn dúró síbẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti là. Kò là o. Dallas jẹ́ kó lọ. Kansas City gbà á, wọ́n jẹ́ kó lọ. Atlanta gbà á, wọ́n jẹ́ kó lọ. Ní 2017, NFL dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fi Obada sí Carolina Panthers. Àmọ́ òfin ètò náà ni pé kó máa bá wọn ṣe ìdánrawò ní gbogbo sáà, kí wọ́n má sì lò ó nínú eré gidi. Ọmọ iṣẹ́ ni, ọ̀gá kò tíì ṣe fríídọ́ọ̀mù fún un. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kò lè dá ṣọ́ọ̀bù ṣí.

Ìgbà wo ni wọ́n máa ń dán irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò? Oṣù kẹjọ ọdún ni. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kó èèyàn tó tó 90 jọ, bẹ́ẹ̀ 53 péré ni àyè wà fún. Wọ́n á wá bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣe eré ìdánwò tí kò ní àmì nínú. Mẹ́rin ni nígbà ayé Obada ní Carolina. Ní 2020 kò sí rárá nítorí kòrónà. Láti 2021 ó di mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn ògbógi kì í ṣeré púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á kàn yọjú, wọ́n á lọ jókòó. Àwọn ọ̀gbẹ̀rì ló máa ń gba pápá títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀gbẹ̀rì á dojú kọ ọ̀gbẹ̀rì.

Ní oṣù kẹjọ 2018, Panthers ṣe eré mẹ́rin yẹn pẹ̀lú Buffalo, Miami, New England àti Pittsburgh. Ọdún kẹrin Obada lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá nínú eré gidi kan. Nígbà tí wọ́n ka àwọn 53 jáde, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti inú ètò ilẹ̀ òkèèrè yẹn tó wọ inú 53 ẹgbẹ́ kankan.

Kí ni àwọn kóòṣì máa ń wò nínú eré bẹ́ẹ̀? Ohun tí a lọ bèèrè nìyí, ẹ sì jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù, ẹ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ yín. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀, ṣé òun ló kọ́kọ́ ṣí ni, àbí ó ń wo aládùúgbò rẹ̀? Bó bá ṣí kí bọ́ọ̀lù tó kúrò, rẹ́fírì á ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀, yáàdì márùn-ún lọ. Ọ̀gbẹ̀rì tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń gba aṣọ yẹ́lò bẹ́ẹ̀. Kóòṣì kì í bínú sí ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì ló máa ń kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ọwọ́. Níbí ni àwọn bàbá wa ti lè ṣe tíṣà, nítorí ìjàkadì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ja gídígbò lórí iyanrìn nígbà èwe yín, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ inú ló ni ìjà. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán bí òpó iná, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa fi kanlẹ̀. Bákan náà ló rí. Géńdé tó dúró níwájú defensive end fẹ́ gbá a láyà mú. Defensive end fẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù kó sì tẹ ìbàdí sílẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ọgbọ́n àkọ́kọ́ kò bá sì jẹ́, ṣé ó ní èkejì? Ọ̀pọ̀ ọ̀gbẹ̀rì kò ní ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá ti dí i, wọ́n á kàn máa ti ara wọn bí àgbò méjì títí fèrè á fi dún.

Ojú náà ńkọ́? Ẹ̀tàn pọ̀ nínú eré yìí. Quarterback á ṣe bí ẹni fi bọ́ọ̀lù lé ẹnìkan lọ́wọ́, gbogbo ayé á sáré tẹ̀lé ẹni yẹn, òun á wá rọra yọ lẹ́yìn yín bí ọmọ tó ń ṣe bojúbojú. Ọ̀gbẹ̀rì máa ń jẹ ẹ̀tàn yìí bí ẹni jẹ àkàrà. Ẹ wò ó bóyá ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì kọ́gbọ́n, àbí ó jẹ ẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Èyí tó ṣe wá ní kàyéfì jù ni iṣẹ́ tí kò lórúkọ. Kóòṣì ṣàlàyé fún bàbá ọmọ wa pé lọ́jọ́ náà, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ẹni tó ń sáré fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ wa kọjá, ọmọ náà kò gbà fún un, ó ní láti ṣẹ́rí padà sí àárín, ẹlòmíràn sì gbé e ṣánlẹ̀. Orúkọ ta ni wọ́n pè? Ti ẹlòmíràn náà. Ẹ̀ẹ̀kan tún wà tí wọ́n fi géńdé méjì dí òun nìkan. Bí èèyàn méjì bá di ẹnìkan mú, ẹnìkan mìíràn ti ráyè nìyẹn, òun ló sì mú sack tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún! Bí ìyá alásè ni: ẹni tó gbé àwo wá síwájú àlejò ni wọ́n ń kí, ẹni tó ń fẹ́ná lẹ́yìnkùlé kò sí nínú fọ́tò.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì: ta ló dojú kọ? Sack mẹ́ta lórí ẹni tí wọn yóò lé kúrò lọ́la lè má tó ìjàkadì kan tí kò já sí nǹkan pẹ̀lú ògbógi. Ìdí nìyí tí àwa kì í fi í gba ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn gbọ́ tán nínú oṣù kẹjọ. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń rí ọmọ tuntun kan tí wọ́n á máa pariwo rẹ̀. Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó wà.

Ara gíga nìkan náà kò tó. Ẹ wo Lawrence Okoye, ọmọ Croydon tó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà. Ní 2012, ó ju díìsìkì dé mítà 68.24, kò sí ọmọ Britain tó jù ú tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà, ó sì dé àṣekágbá Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Stratford, ìtòsí wa níbí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, San Francisco 49ers gbà á láti ṣe defensive end. Ó ga, ó sanra, ó yára bí ìjì. Kò tíì ṣe eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan rí. Ó lọ láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn, kò sì ṣe eré gidi kan ní NFL títí ó fi padà sídìí díìsìkì rẹ̀. Àwọn kan ní ó fi ìgbà ṣòfò. Àwa kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2022, ó gba fàdákà ní Commonwealth Games ní Birmingham, ó sì gba bàbà ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Munich. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ eré kan kì í tètè di ti òmíràn ni, ó gba ọdún, àwọn ẹgbẹ́ kò sì ní sùúrù.

Carolina ní sùúrù fún Obada. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú sáà 2018, orí ìjókòó ló wà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, wọ́n tú u sílẹ̀ sí Cincinnati Bengals. Sack kan. Ó tún já bọ́ọ̀lù gbà lófuurufú mọ́ quarterback lọ́wọ́, nǹkan tí ẹni tó wà ní ipò rẹ̀ kì í sábà rí ṣe. Panthers fi 31 sí 21 borí, wọ́n sì fún un ní bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ọdún 2020 ló ní sack tó pọ̀ jù, 5.5 (bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń pín ọ̀kan sí méjì bí ẹni méjì bá jọ mú un). Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe Buffalo, ó ṣe Washington. Èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2019, nígbà tí Panthers wá ṣeré ní pápá Tottenham: ọmọ tó sun ìta ní Lọ́ńdọ̀nù jáde sáàárín pápá Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bíi kápútẹ̀nì, wọ́n jọ wo bí wọ́n ṣe ju owó ẹyọ sókè.

Àwọn ọmọ tiwa náà ti ń tọ ọ̀nà náà. Nínú ètò kan náà ní 2022, Adedayo Odeleye, tí òun náà ń ṣe defensive end, lọ sí Houston Texans, Ayo Oyelola sì lọ sí Jacksonville Jaguars. Ẹ pe orúkọ wọn dáadáa fún àwọn ọmọ yín, torí àwọn oyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n kì í pè é re.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń dá ìyá ọmọ wa lẹ́bi. Ẹ̀rù tó ń bà á, ẹ̀rù gidi ni. Forí gbá forí ń ba ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pe NFL lẹ́jọ́, owó tí wọ́n sì ti san fún wọn ti ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Obìnrin náà bi kóòṣì léèrè lójúkojú: bí ọmọ bá forí gbá, ta ló máa yọ ọ́ kúrò lórí pápá, ìgbà wo ló sì máa padà? Kó tó gba ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìwé A-level náà kò sì kúrò lórí tábìlì.

Bàbá ńkọ́? Bàbá ṣe ohun tí ojú wa kò rí rí nínú ẹgbẹ́ yìí. Ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó ní, "Má bínú. N kò mọ̀ ọ́n wò ni." Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Wọ́n gbé fóònù sáàárín, wọ́n ń wo fídíò títí ìyá fi wá paná.

Nígbà tí eré mìíràn pé, àwa mẹ́rin tún tẹ̀lé wọn, ìyá náà wá, àmọ́ ó fi gèlè bo ojú ní ìdajì eré. Bàbá mú ìwé ajákọ àti pẹ́ńsùlù dání. Ó ń fa ìlà bí alákọsílẹ̀ ìjọ: "dá a padà", mẹ́rin, "èèyàn méjì dí i", mẹ́ta, "jẹ ẹ̀tàn", méjì, "aṣọ yẹ́lò", ọ̀kan. Sack, òfo. Wọn kò pe orúkọ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú.

Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá ṣí ìwé rẹ̀. "Aṣọ yẹ́lò yẹn," ló ní, "kí ló sáré lé ọ?" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá fìlà bọ́ lórí ọ̀kan nínú wa. Heathway kọjá, kò sí ẹni tó rántí tẹ agogo.